Ẹ Béèrè Aago Kí Ẹ Tó Béèrè Ọ̀nà: Bí Ẹ Ṣe Lè Jẹun Dáadáa ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ọ̀rẹ́ mi kan wá láti Èkó, ó ní kí n júwe ibi tí òun ti lè jẹ àmàlà gidi ní Ìlọrin. Mo júwe fún un, mo tún ní kó dárúkọ mi fún ìyá olóúnjẹ. Ọ̀gbẹ́ni náà dé ibẹ̀ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ewédú ti dúdú, ṣàkì ti tán, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni wọ́n ha fún un. Ó pè mí lórí fóònù: "Ṣé ibi tí o fi ń yangàn nìyí?" Ìyá náà kò jẹ̀bi. Aago ló jẹ̀bi. Ká ní ọ̀sán gangan ló dé ibẹ̀ ni, ọpẹ́ ni ì bá máa dá.

Nítorí náà, n kò ní to orúkọ ilé oúnjẹ sílẹ̀ fún yín. Ìyá olóúnjẹ a máa kó kúrò níbi kan lọ síbòmíràn, ọmọ a sì máa gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ìyá kí ọbẹ̀ má dùn tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tí kì í tètè yí padà ni wákàtí tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ń kúrò lórí iná, oṣù tí ohun èlò rẹ̀ ń ti oko dé, àti àdúgbò tí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n. Ìwé kíkà ni mò ń kó lọ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ láti Ìlọrin títí dé apá Òkè-Èrò, ojú ọ̀nà ni mo sì ti ń jẹ ọ̀sán láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ohun tí ikùn mi kọ́ lọ́nà ni mo kọ síbí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ tètè jí

Oúnjẹ àárọ̀ Ìlọrin kì í dúró de ẹni tó sùn gbàgbé. Bí wọ́n bá ti kírun Àsùbá tán báyìí, iná ti ń jó létí títì ní àwọn àdúgbò àtijọ́, láti Ọjà Ọba lọ sí Òkèlélé àti Àdètà. Tó bá máa fi di aago 9, ọ̀pọ̀ wọn ti ń fọ ìkòkò. Ẹ jáde láàárín aago 6:30 sí aago 8.

Wáínà ni kí àlejò kọ́kọ́ wá, èyí tí àwọn kan ń pè ní màsà. Ọ̀dọ̀ àwọn Háúsá ló ti wá, àmọ́ Ìlọrin ti gbà á tọ́ débi pé ọmọ ibí kò rántí mọ́ pé àlejò ni. Ìrẹsì tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ mọ́jú kó lè wú ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwo tí wọ́n fi ń dín in ní kòtò kéékèèké. Obìnrin náà á kán òróró díẹ̀ sí kòtò kọ̀ọ̀kan, á da ìrẹsì pípò náà sí i, á ní sùúrù díẹ̀, á wá fi irin tín-ín-rín kan yí i po létí títí á fi tú kúrò lára àwo, á sì dojú rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dúró wò ó, ó dùn ún wò. Bí etí rẹ̀ bá pọ́n tí àárín rẹ̀ sì rọ̀, tí ẹ bá gbọ́ òórùn kíkan díẹ̀ bíi ti ògì, òun gan-an nìyẹn. Èyí tí kò bá kan rárá, wọ́n kánjú wú u ni. Ó ṣeé jẹ, àmọ́ kò ní ìtàn lẹ́nu. Àwọn ọmọdé ń fi ṣúgà jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ẹ béèrè ọbẹ̀.

Ní ti àkàrà, ẹ má wo bó ṣe pọ̀ tó nínú àwo, ọwọ́ alákàrà ni kí ẹ wò. Bó bá ń po ẹ̀wà náà kíkankíkan kó tó bu òmíràn sínú epo, àkàrà rẹ̀ á fúyẹ́. Ẹni tó kàn ń bù ú bó ṣe jókòó, òkúta ló ń dín. Ẹ fi ẹ̀kọ gbígbóná tì í, ó parí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jẹ àmàlà kí oòrùn tó yẹ̀ lórí

Àwọn àgbàlagbà ṣì ń pè é ní ọkà. Láti aago 11:30 sí aago 2 ni wákàtí rẹ̀, n kò sì fi ṣeré. Gbẹ̀gìrì ló fà á. Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, kò sì mọ̀ ọ́n bá oòrùn jà. Bí ìgbakọ bá ti ń wọ inú rẹ̀ tó ń jáde láti àárọ̀, tí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n tún gbé e kaná, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti ń kan. Àmì tí ẹ máa wò ni ìfófòó wẹ́wẹ́. Gbẹ̀gìrì tí kò sí lórí iná, tó sì ń fófòó, ẹ má bá a dé orí tábìlì. Mo jẹ irú rẹ̀ rí, níbì kan tí n kò ní dárúkọ, nígbà tí páálí ìwé 14 ń dúró dè mí nínú ọkọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà ni mo ti gba owó mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀bi mi ni: mo rí ìfófòó náà, ebi ló ní kí n má kà á sí.

Ewédú ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù lójú, kó sì fà. Èyí tó ti dúdú ti pẹ́ lórí ìjókòó.

Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ro àmàlà lójú yín. Èyí tó ti wà nínú kúlà láti àárọ̀ máa ń lagun, omi á wà lára ọ̀rá rẹ̀, á sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúdú bí èédú. Èmi fẹ́ èyí tó pọ́n dúdú bí ẹja yíyan, tó ń dán, tí kò ní kókó. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka yín á hàn níbẹ̀, á wá rọra padà.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ nìyí: iye òkèlè, lẹ́yìn náà ọbẹ̀, lẹ́yìn náà ẹran. Bí ẹ bá ní "abùlà," wọ́n á bu gbẹ̀gìrì àti ewédú pa pọ̀, wọ́n á da ọbẹ̀ ata lé e. Ẹran inú ni iyì abùlà, Ìlọrin sì ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní: ọjà ẹran wà ní Ìpàta, láàárín ìlú gan-an. Ẹran tí wọ́n pa ní ìdájí ló ń wọnú ìkòkò ọ̀sán ní àwọn ìsọ̀ tó yí ọjà náà ká. Bí ẹ bá jẹ́ ẹlẹ́dọ̀, onífùkù, aláàbọ́dí, apá ibẹ̀ ni kí ẹ forí lé. Ẹni tó bá ń wá ògúfe, ó lè jẹun níbikíbi.

Ẹ kí wọn dáadáa kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá rèé:

"Àlùhájà, ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ kú ooru iná."

"Ẹ káàbọ̀ o, bàbá oníwèé. Mélòó ni kí n bù?"

"Ẹ bá mi bu òkèlè méjì, ẹ ṣe é ní abùlà. Ẹ wá ṣàkì tó rọ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣàkì òní le o. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n wá ìfun fún yín."

Ẹni tó bá dá yín lóhùn báyìí, ẹ má fi í sílẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kí ẹ tó dìde.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ńkọ́? Láti nǹkan bí aago 12:30, àwọn òpópónà tó yí Mọ́ṣáláṣí Gbogbogbò àti ààfin Ẹ́míà ká á kún fọ́fọ́, ọ̀pọ̀ olóúnjẹ á sì da aṣọ bo ìkòkò. Yálà kí ẹ ti jẹun kó tó di aago 12, tàbí kí ẹ ní sùúrù di aago 2:30. Nínú oṣù ààwẹ̀, ẹ má wá oúnjẹ ọ̀sán kiri nínú ìlú àtijọ́. Ẹ lọ sí Tánkẹ̀ tàbí Sábó Òkè, àwọn kan ń ta lẹ́yìn aṣọ níbẹ̀. Èmi náà ń gba ààwẹ̀, nítorí náà n kò lè jẹ́rìí bó ṣe dùn tó. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni ìrọ̀lẹ́: ní nǹkan bí wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀, títì á kún fún ẹ̀kọ, àkàrà, ẹ̀wà, èso àti kùnú. Àlejò tó bá fẹ́ rí gbogbo oúnjẹ Ìlọrin lójú kan ṣoṣo, wákàtí yẹn ni kó jáde.

Bí àmàlà bá sú yín, ẹ béèrè tùwó pẹ̀lú ọbẹ̀ lúrú. Ewé oṣè gbígbẹ tí wọ́n gún kúnná ni lúrú, ó ń fà ju ewédú lọ, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ahọ́n rẹ̀ ń gbà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fún un láyè lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ́ bí a ṣe ń yan wàrà

Ẹni tó wá Ìlọrin tí kò jẹ wàrà, ó kàn kọjá lọ ni. Àwọn obìnrin Fúlàní láti inú àwọn gáà tó yí ìlú ká ló ń ṣe é. Wọ́n á gbé wàrà màlúù tí wọ́n fún láàárọ̀ kaná, wọ́n á fún oje ewé bọmubọmu sí i, wọ́n á máa wò ó títí á fi dì, omi rẹ̀ á sì yọ lọ́tọ̀. Wọ́n á wá dà á sínú ajọ̀ kéékèèké kó lè ro, ìdí nìyẹn tí ojú ajọ̀ fi máa ń hàn lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí ilà ajọ̀ náà, inú yín á dùn bíi tèmi.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníwàrà, ẹ má tíì ná an. Ẹ kọ́kọ́ wo omi tó wà nínú igbá tàbí rọ́bà rẹ̀. Ó yẹ kó mọ́, kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀. Omi tó ń yọ̀, tó sì ń hó wẹ́wẹ́, ti àná tàbí ti ìjẹta nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kó gbé ẹyọ kan sókè. Bí ẹ bá rọra fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́dọ̀ ta padà; èyí tó bá ń fọ́ lọ́wọ́ kò dì dáadáa, á fọ́ sínú ọbẹ̀ yín bí ẹyin. Ẹ wá gbọ́ òórùn rẹ̀. Òórùn wàrà tútù ni kó ní, kó má ní ti bàtà òjò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ná an, kí ẹ sì béèrè èènì.

Ẹ má jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ látinú igbá, bó ti wù kí ojú yín wọ̀ ọ́ tó. Iná ti kàn án nígbà tí wọ́n ń ṣe é lóòótọ́, àmọ́ omi tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́ káàkiri ọjà, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n? Ẹ gbé e fún olóúnjẹ yín kó dín in, tàbí kó jù ú sínú ẹ̀fọ́. Wàrà kì í yọ́ lórí iná, ohun tó fi yàtọ̀ nìyẹn. Á pọ́n lẹ́yìn, á sì máa ké wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ léhín. Bí ẹ bá fẹ́ dín in fúnra yín, ẹ gé e, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu omi ara rẹ̀ gbẹ, ẹ wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí òróró sì gbóná kí ẹ tó jù ú sí i. Bí ẹ kò bá nù ún, òróró á ta sí yín lójú. Àpá wà lọ́wọ́ mi tí mo lè fi hàn yín.

Ìgbésẹ̀ 4: Alẹ́

Alẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Sùyà ni, ní oríta tí èrò bá ti pọ̀, lọ́dọ̀ ẹni tí ẹran rẹ̀ ń tán tó ń kó òmíràn síná, kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó ń yan èyí tó ti yan lẹ́ẹ̀kan. Bí owó bá kéré, Tánkẹ̀ àti Òkè-Òdó ni kí ẹ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin ni ibẹ̀ ń bọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lówó àjẹdànù: ẹni tó bá gbówó lé oúnjẹ tí kò dùn níbẹ̀, kò ní pẹ́ kó tó palẹ̀ mọ́. Àwọn onítíì ń ṣe ìndómì àti ẹyin níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ. Àwọn ilé oúnjẹ oní-ẹ́síì wà ní GRA àti ojú ọ̀nà Fátè. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ibẹ̀ la máa ń mú àna lọ. Ìrẹsì àti adìyẹ ni kí ẹ béèrè, ẹ má béèrè gbẹ̀gìrì.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kúrò nílùú kó tó di aago 9

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ìgbèríko. Gárééjì Ọ̀fà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ apá gúúsù ti ń gbéra. Ẹ máa kọjá Gánmọ̀, Àmọ́yọ̀ àti Ìdọ̀fìàn kí ẹ tó dé Àjàsẹ́-Ìpo. Àjàsẹ́ ni ọ̀nà ti pínyà: ọ̀kan lọ sí Ọ̀fà, èkejì lọ sí Ọ̀rọ̀ àti Òmù-Àrán. Ẹ pinnu èyí tí ẹ máa gbà kí ebi tó bẹ̀rẹ̀ sí í pinnu fún yín.

Ohun kan wà tí àwọn ará Èkó kì í tètè mọ̀. Bí ẹ bá ti kọjá Àjàsẹ́, àmàlà á dìde, iyán á jókòó. Ilẹ̀ Ìgbómìnà àti Ìbọ̀lọ́ lẹ wà báyìí. Bí ẹ bá ṣì ń béèrè abùlà kiri, wọ́n á wá a fún yín, àmọ́ ẹ ti fi oúnjẹ olóko sílẹ̀ lẹ ń jẹ ti alágbàtà.

Lójú ọ̀nà, ẹ ra ohun tí oṣù náà bá gbé wá, ẹ má fi agídí wá ohun tí àsìkò rẹ̀ kò tíì tó. Nígbà òjò, ẹ máa rí àgbàdo sísun àti ìgbín. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kejì òjò ńlá, ẹ ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń na olú sókè létí ọ̀nà. Ẹ ra olú lọ́wọ́ ẹni tó bá ń tà á lójú kan náà nígbà gbogbo, tí ará àdúgbò sì ń ra lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fúnra yín wọ igbó lọ já a, nítorí olú tó ń pani jọ èyí tó ń dùn.

Ìgbésẹ̀ 6: Iyán, ẹ fi etí wá a

Kì í ṣe ojú la fi ń wá iyán. Bí ẹ bá dé Ọ̀rọ̀, Òmù-Àrán tàbí ìlú yòówù lápá ibẹ̀ ní nǹkan bí aago 12, ẹ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín, kí ẹ tẹ́tí. Ibi tí odó bá ti ń ró ni kí ẹ yà sí. Mo ti fi ọ̀nà yìí rí oúnjẹ nínú ìlú tí n kò mọ ẹnì kankan, kò sì já mi kulẹ̀ rí àfi lẹ́ẹ̀kan, tó jẹ́ pé àgbo ni wọ́n ń gún.

Kí nìdí tí etí fi ṣe kókó? Nítorí iyán oníyẹ̀fun ti pọ̀. Ó rọrùn fún olóúnjẹ láti ro ìyẹ̀fun nínú omi gbígbóná kó sì gbé e fún yín bí iyán. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n rèé. Iyán odó máa ń ní kókó kéékèèké kan tàbí méjì, bó ti wù kí ọwọ́ agúnyán le tó. Iyán tó jọ̀lọ̀ pátápátá bí ìda, ẹ fura sí i. Ẹ gé òkèlè kan, ẹ fà á: ti odó á fà gùn kó tó já, ti ìyẹ̀fun á já wẹ́lẹ́. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ náà: iṣu sísè ni iyán odó ń rùn. Bó bá sì ti tutù díẹ̀, iyán odó á le, èyí oníyẹ̀fun á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bó bá jẹ́ oníyẹ̀fun, ẹ má jà. Ẹ ṣáà san owó ìyẹ̀fun.

Oṣù ṣe pàtàkì. Láti nǹkan bí oṣù kejìlá títí di oṣù kẹrin ni iyán dùn jù, torí pé iṣu ti gbó, omi ara rẹ̀ ti fà. Iṣu tuntun tó ń wọjà ní oṣù keje àti ìkẹjọ dùn ún sè, ó dùn ún sun, àmọ́ omi pọ̀ lára rẹ̀ fún odó. Mo jókòó ti iyán kan lóṣù kẹjọ tó ń ṣàn lọ sí ìdí ọbẹ̀. Ìyá tó gún un wò mí, ó ní, "Ẹ mú un bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Iṣu tuntun ni, kò tíì gbọ́n." Nínú oṣù wọ̀nyẹn, ẹ ní kí wọ́n se iṣu náà fún yín, kí ẹ fi epo àti ata díndín jẹ ẹ́, inú yín á dùn ju ti ẹni tó fi agídí béèrè iyán lọ.

Ní ti ọbẹ̀, ẹ béèrè ìṣápá kí ẹ tó béèrè ohun mìíràn. Ìṣápá funfun ni ti ọbẹ̀, ọmọ ìyá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò ni. Ó kan, débi pé bí wọ́n bá sè é lásán, ojú yín á fún pọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sè á bọ̀ ọ́, á da omi àkọ́kọ́ nù, á fọ̀ ọ́, á fún un gbẹ, kó tó wá kó o sínú ẹ̀gúsí, irú àti epo pupa. Ìyókù kíkan tó ṣẹ́ kù sí i ló ń jẹ́ kí ọbẹ̀ náà máa pe òkèlè. Bó bá kan jù, wọ́n kánjú fọ̀ ọ́. Bí kò bá kan rárá, wọ́n fọ ẹ̀mí rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ká a, àmọ́ wọ́n ń sá a, ẹ lè rí i lọ́dọọdún. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ béèrè ẹ̀bọ̀lọ̀ tàbí worowo nígbà òjò. Ẹ̀bọ̀lọ̀ ní òórùn tirẹ̀, ẹni tí kò bá bá a dàgbà lè má fẹ́ ẹ.

Ẹran ìgbẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ èyí tí ẹ bá rí odindi rẹ̀ ní yíyan, torítorí àti tẹsẹ̀tẹsẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀yà ni wọ́n pè ní ọ̀yà.

Ìgbésẹ̀ 7: Bó bá jẹ́ ọ̀nà Ọ̀fà lẹ yà sí

Gbogbo ènìyàn ló mọ Ọ̀fà sí ìjàkadì. Èmi mọ̀ ọ́n sí ànàmọ́. Ọ̀dùnkún ni àwọn mìíràn ń pè é, kúkúǹdùkú ni àwọn mìíràn. Wọ́n ń gbìn ín níbẹ̀ gidigidi, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ bí oúnjẹ gangan, kì í ṣe bí ìpanu. Wọ́n á sè é, wọ́n á dín in, àwọn kan á gún un mọ́ iṣu, iyán náà á wá dùn bí ẹni fi ṣúgà díẹ̀ sí i. Pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tó gbóná, ọ̀tọ̀ ni ti adùn yẹn. Ẹ wá a lọ́wọ́ àwọn tó ń dín in létí títì ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kúrò ní kíláàsì. Oúnjẹ ọ̀sán ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí mo ti sọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Abúlé tí kò ní bùkà

Ìgbèríko gidi kò ní bùkà, nítorí gbogbo ènìyàn ló ń jẹun nílé. Ẹ má dé abúlé ní ọ̀sán kí ẹ wá máa béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan níbẹ̀, ẹ pè é ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì fi owó ọbẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtọrọ gáfárà: "Màámi, a máa dé lọ́la o, ènìyàn mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ra ẹja." Bí ẹ bá fi owó náà lélẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ jẹun tán, ẹ ti sọ ilé wọn di ìsọ̀ nìyẹn, inú wọn lè má dùn sí i.

Bí ẹ bá bá àwọn ènìyàn nídìí oúnjẹ, wọ́n á ní "Ẹ wá jẹun." Ẹ̀yin á dáhùn pé "Á gba ibi ire o." Ọmọlúàbí ni wọ́n ń ṣe, ẹ má fa àga. Àmọ́ bí ọmọ kan bá ti gbé omi ìfọwọ́ wá síwájú yín, ìpè náà ti di tòótọ́. Ẹ fọ ọwọ́. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́ nígbà náà, wọ́n á máa bi ara wọn léèrè lẹ́yìn yín pé kí lẹ rí nínú oúnjẹ àwọn.

Bó bá jẹ́ ìrìn àfẹ́ lẹ wá ṣe, ẹ fi oúnjẹ sí ètò. Ní Ẹ̀sìẹ́, níbi tí àwọn ère olókùúta wà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1945, ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ sì padà sí Ọ̀rọ̀ wá jẹ iyán ní ọ̀sán. Ìsàn omi Òwù, lápá Ọ̀wà-Kájọlà, jìnnà sí ìkòkò ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé oúnjẹ yín dání. Ẹ̀kọ tútù tí wọ́n pọ́n sínú ewé, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé tí ẹ rà láàárọ̀ ọjọ́ náà àti ẹ̀pà ni mo máa ń gbé. Ẹ má gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ sínú kúlà. Mo ti ṣí i rí lábẹ́ òkè yẹn ní aago 3, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kí wa. Kí ẹ sì kó ewé àti ọ̀rá yín padà wálé.

Ìgbésẹ̀ 9: Owó àti omi

Ẹ kó owó kéékèèké dání. Ní Ìlọrin, wọ́n ń gba tiránsífà níbi púpọ̀, àmọ́ ní ìgbèríko nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ ní àkókò tí ẹ jẹun tán gan-an, ẹ̀yin àti ìyá olóúnjẹ á wá jókòó máa wo fóònù bí ẹni ń wo oṣù ààwẹ̀. Ẹ béèrè iye ẹran kí wọ́n tó bù ú, nítorí òkèlè kì í gbówó lórí, ẹran ló ń gbé owó lọ.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Bí omi ìfọbọ́ bá ti dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ṣan abọ́ lọ, ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rá tàbí ewé bù ú fún yín, tàbí kí ẹ wá ibòmíràn. Àwo tó ṣófo lórí tábìlì tí eṣinṣin kò sì bà lé, mo fọkàn tán an ju ilé tí wọ́n kun ògiri rẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 10: Ohun tí ẹ máa gbé lọ sílé

Ẹ ra ìṣápá gbígbẹ àti irú nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ láti Òmù-Àrán. Ẹ wé irú náà ní ọ̀rá mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ yín á máa rántí rẹ̀ títí ọdún á fi parí. Iṣu, ẹ ra èyí tó wúwo lọ́wọ́, tí orí rẹ̀ kò tíì hù. Ànàmọ́, ẹ má fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé e.

Ẹ fi wàrà ṣe ohun tí ẹ máa rà kẹ́yìn pátápátá, bí ẹ bá ti ń kúrò ní Ìlọrin. Ẹ ní kí oníwàrà bu omi rẹ̀ sí i nínú rọ́bà, kí ẹ má dé e pa. Bí ẹ bá dé ilé, kó tó di pé ẹ bọ́ bàtà, ẹ da omi yẹn nù, ẹ gbé omi mìíràn kaná pẹ̀lú iyọ̀, ẹ sì bọ wàrà náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ jókòó.